Land Rover Tó Wà Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní gbé yín lọ sí ilé ẹlòmíràn. Ilé tiwa ní Jos ni ọ̀rọ̀ wà, ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni Land Rover bàbá wa fi dúró síbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sí ẹni tó tún fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Ewé bò ó, adìyẹ ń yé sórí àga rẹ̀, eku sì ti fi wáyà rẹ̀ ṣe oúnjẹ. Àwọn tó ń ra irin àlòkù, tí a ń pè ní gwangwan níhìn-ín, kò jẹ́ kí a sinmi. Oṣù kan kì í kọjá kí ọ̀kan nínú wọn má ti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ wá sẹ́nu géètì wa. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan tilẹ̀ gbé òṣùwọ̀n dání, ó ní kílò ni òun máa fi rà á. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọkọ̀ ọkọ mi ni o fẹ́ fi kílò rà?"

Ọmọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nídìí oúnjẹ, bọ̀ọ̀dá mi sọ pé àwọn máa tún ọkọ̀ náà ṣe. Kì í ṣe pé wọ́n máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì o. Ilé náà ni wọ́n ti máa ṣe é, lábẹ́ igi yẹn kan náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí wọn kò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á mọ irú ọkọ̀ tí mò ń sọ. Land Rover Series IIA ni, ti ọdún 1966, èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní 109 nítorí pé ínṣì 109 ló wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra bí ojú ẹni tó ń ronú, wọn kò sí lórí fẹ́ńdà bíi ti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ọ̀gá kùsà fi ń gun òkè Plateau láyé ìgbà yẹn, irú rẹ̀ náà ni dókítà, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba fi ń wọ abúlé tí kò ní títì. Bàbá wa wà á fún ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n wá kó o síta fún gbàǹjo lọ́dún 1984, àwọn fúnra wọn ló rà á. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa, bíi ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Jos, inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì máa ń kó gbogbo wa sí bí ọdún bá dé. Láti Jos dé Ògbómọ̀ṣọ́, lórí àga tó le bí pákó! Orí mi lè gbàgbé ìrìn àjò yẹn, ìdí mi kò lè gbàgbé.

Ohun kan wà lára ọkọ̀ náà tí n kò mọ̀ títí iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bí bọ̀ọ̀dá mi ṣe ń fọ ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà, wọ́n rí i pé ní apá ọ̀tún, níbi tí èrò máa ń jókòó sí, ihò wà níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ bíréèkì àti ti kìlọ́ọ̀ṣì ti yọ, wọ́n kàn fi páànù dí i ni, wọ́n sì fi bóòtù dè é. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń rìn lójú títì nígbà yẹn, bíi ti Ìlú Ọba, kí ìjọba tó yí i padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Wọ́n ti ṣe Land Rover láti ilé iṣẹ́ lọ́nà tí sítíárì fi lè wà lápá tó bá wu ìlú tó rà á. Ẹnì kan ti jókòó sí ọgbà ìjọba lọ́jọ́ kan, ó tú u ní ọ̀tún, ó dè é ní òsì. Mo fọwọ́ kan páànù kékeré náà, ó ṣe mí bí ẹni pé mo fọwọ́ kan ojú àpá.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan rárá ni ìjà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ní kí a ta á, kí a pín owó rẹ̀. Ẹ má bú wọn o. Ọmọ méjì ni wọ́n ní ní yunifásítì, owó oko kò sì dúró de àlá ẹnikẹ́ni. Bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn máa dá gbogbo owó rẹ̀ san. Màmá ní rárá, pé ẹni tó bá dá owó san ló máa sọ lọ́la pé ọkọ̀ di tòun nìkan. Ìpàdé yẹn gba alẹ́ mẹ́ta. Níkẹyìn, a kọ ọ́ sínú ìwé: Màmá ló ni ọkọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, olúkúlùkù yóò dá iye tí agbára rẹ̀ ká, owó ilé ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bí iye tí a dárúkọ bá sì tán kí ẹ́ńjìnnì tó dún, a máa pe gwangwan padà. Mo gba yín nímọ̀ràn kí ẹ kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé sípánà. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí padà bí owó bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹni tí a lọ bẹ̀ kó wá darí iṣẹ́ ni Bàbá Mẹkáníìkì, Berom kan tó bá bàbá wa ṣiṣẹ́ lọ́gbà ìjọba. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Wọn kò lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú. Hausa ni wọ́n ń sọ sí wa. Ìwé àtúnṣe ọkọ̀ náà, tí bàbá wa fi pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú bàtà ìgbéyàwó wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi kún fún gírísì. Ta ló kù tí yóò máa ka ìwé? Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa tú Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo gbé àga kan sábẹ́ igi, mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo ń tú u sí Hausa, Bàbá Mẹkáníìkì ń mi orí tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìwé náà. Mo rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wa ń yìn ín. A fi omi àti ọṣẹ fọ ara ọkọ̀ náà, kò sí ìpẹtà níbì kankan. Màmá ní, "Ẹ wò ó, ara rẹ̀ ń dán!" Bọ̀ọ̀dá mi ti ń sọ irú ọ̀dà tí àwọn máa kùn ún. Bàbá Mẹkáníìkì kò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn mú hámà kékeré wá.

Ohun tí wọ́n fi hàn wá nìyí. Lọ́dún 1948, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde ní Amsterdam, Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì pẹ́ tó parí. Irin ṣọ̀wọ́n ní Ìlú Ọba, ìjọba ló ń pín in fún àwọn ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù pọ̀. Nítorí náà, alumíníọ̀mù ni ilé iṣẹ́ Rover fi ṣe ara rẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ṣásí tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà. Irin ń dípẹtà. Bí irú ọkọ̀ yìí bá ti gbó, ojú rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín sí ọ nígbà tí egungun rẹ̀ ti jẹrà. Kódà, níbi tí alumíníọ̀mù àti irin ti fara kanra tí omi sì ń wọlé sí i, àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Alumíníọ̀mù náà á máa jẹ, á máa di lẹ́búlẹ́bú funfun. Ṣásí náà ṣófo nínú bí àpótí. Bí ẹrẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, inú ló ti ń jẹ bọ̀ wá síta.

Bọ̀ọ̀dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n ń fi hámà kan ṣásí náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, Bàbá Mẹkáníìkì jókòó lórí táyà àlòkù, wọ́n di ojú, wọ́n ń fetí sí i. Ibi tí irin bá ti dára, ó ń dún kọ́ń-kọ́ń bí agogo. Ibi tí kò bá dára, ó ń dún pọ̀-pọ̀ bí ìgbà tí a lu ẹ̀fà. Bí ó bá ti dún pọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, èmi á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Títí ọ̀sán fi pọ́n, àmì mọ́kànlá ló wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán. Apá irin tó yọ síta lábẹ́ ìlẹ̀kùn láti gbé ara ọkọ̀, méjì ti lọ. Irin ìdábùú ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti máa ń so ọkọ̀ mìíràn mọ́ ọn, hámà wọ inú rẹ̀ ṣọ̀ọ̀. Ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, nítorí irin ni apá ibẹ̀, mo rí koríko láti inú rẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, àwọn kan wà tó ń ṣe ṣásí tuntun fún irú ọkọ̀ àtijọ́ yìí, tí wọ́n sì ń rì í sínú sínkì gbígbóná kó má bàa dípẹtà mọ́. A wo iye tó máa ná wa láti gbé e dé Jos, a rẹ́rìn-ín, a pa fóònù dé. Jórinjórin àdúgbò la pè.

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni. Bàbá Mẹkáníìkì kò wá, ara wọn kò dá. Bọ̀ọ̀dá mi ní kí a má fi ọjọ́ náà ṣòfò, pé àwọn fẹ́ tú táyà ẹ̀yìn kí àwọn wo bíréèkì inú rẹ̀. "Àbúrò, ka ojú ewé bíréèkì fún mi." Mo ṣí i, mo kà á: ẹ gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yọ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìnkùlé wa dagun díẹ̀ sápá géètì, bí ilẹ̀ Jos ṣe rí. Bọ̀ọ̀dá mi fa bíréèkì ọwọ́, wọ́n fà á dáadáa, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Wọ́n gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì, wọ́n fi ara tì í.

Ọkọ̀ náà rìn.

Kò lọ jìnnà, kò ju gígùn apá kan lọ. Jáàkì ṣubú, táyà náà sọ̀ kalẹ̀ gbì, ọkọ̀ sì dúró gbagidi bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá mi ti fò sẹ́yìn, sípánà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a máa wo abẹ́ táyà náà, agolo mílíìkì ló wà níbẹ̀, ó ti pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ. Agolo yẹn ni ọmọ bọ̀ọ̀dá mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi máa ń kó nọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní gbogbo Sátidé: ó máa ń lóṣòó ti táyà, ó ń gba nọ́ọ̀tì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Màmá ti pè é kó wá jẹ mọ́ín-mọ́ín kí ó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí ìgbà náà.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi jókòó sílẹ̀.

Kí ló fà á tí bíréèkì ọwọ́ kò fi di ọkọ̀ náà mú? Ó dì í mú o. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wà lónìí, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú. Nínú Land Rover yìí, kì í fọwọ́ kan táyà rárá. Ọ̀pá tó jáde láti inú gíà lọ sẹ́yìn ló ń dì mú. Nísinsìnyí, gíà kan wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí táyà kan lè yí ju èkejì lọ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yà. Bí táyà méjèèjì bá wà nílẹ̀, dídi ọ̀pá yẹn mú ti tó, ọkọ̀ kò lè rìn. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ẹyọ kan sókè, èyí tó wà lókè lè máa yí sẹ́yìn bí èyí tó wà nílẹ̀ ṣe ń yí síwájú, ọ̀pá náà kò sì ní mira. Bàbá Mẹkáníìkì fi garawa méjì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tí ara wọn yá: bí okùn kan bá gba orí ẹ̀rọ kànga kọjá, tí garawa wà ní orí kìíní àti ìkejì, o lè di ẹ̀rọ náà mú níbi tó wà títí láé, garawa kan á ṣì máa lọ sókè bí èkejì ṣe ń sọ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi dúró lójijì tí táyà kan ilẹ̀: àwọn garawa kò lè lọ mọ́.

Ṣé ìwé náà kò sọ ọ́ ni? Ó sọ ọ́. Bíréèkì ọwọ́ ní orí tirẹ̀, ó sì jìnnà sí orí tí bíréèkì ẹsẹ̀ wà. Mo ti dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti gíà ló wà níbẹ̀, mo rò pé kò kàn wá lọ́jọ́ yẹn, mo fò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo fo gbogbo ìkìlọ̀ tó wà níwájú ìwé, ibi tí wọ́n ti ní kí a fi nǹkan dí táyà kí a tó fọwọ́ kan jáàkì, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà níwájú gbogbo ìwé, kò sì sí ẹni tó máa ń kà á. Bàbá Mẹkáníìkì kò nílò rẹ̀. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi igi dí táyà, a kàn rò pé àṣà arúgbó ni.

Mo ti tú ọ̀rọ̀ fún yín nínú ìwé ìròyìn yìí fún ọdún mẹ́jọ. Mo mọ bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ó lè wọ ojú ewé. N kò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Màmá dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn wá jù. Wọ́n kàn mú agolo náà, wọ́n kàn án mọ́ ara igi máńgòrò pẹ̀lú ìṣó. Èmi náà lo ọ̀sẹ̀ méjèèjì láti tú ìwé náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ nìkan, mo kọ wọ́n sára páálí ní Yorùbá àti Hausa, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agolo. Mo fi àwọn tí Bàbá Mẹkáníìkì sọ kún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú wọn fún ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ yìí nílé. Igi gbọ́dọ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn táyà tó wà nílẹ̀ kí jáàkì tó gòkè. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè, ẹsẹ̀ irin tàbí ìtì igi líle ni kó gbé e dúró, kì í ṣe jáàkì. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò sì ṣeé gbára lé, ó lè fọ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́ àga iwájú ni táǹkì epo irú ọkọ̀ yìí wà, nítorí náà ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e jìnnà kí jórinjórin tó tan iná, ẹ má sì sọ pé kò sí epo nínú rẹ̀: oru epo inú táǹkì òfìfo ló máa ń bú gbàmù. Eruku inú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ, omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ kí ẹ fi àkísà nù ún. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà níbi tí ẹ ti ń ha á. Ní tiwa, Màmá fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ọmọ náà ń jókòó lẹ́yìn ìlà, ó ń ka nọ́ọ̀tì láti ibẹ̀.

Iṣẹ́ jórinjórin gba oṣù méjì. Ibi tó bá jẹ ni a ní kó gé dé ibi tí irin ti mọ́, kó má kàn lẹ páànù mọ́ ìpẹtà lórí. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní ẹni tó bá wo abẹ́ ọkọ̀ nìkan ló máa rí i. Bọ̀ọ̀dá mi ní àwọn gan-an ló ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ibì kan ṣoṣo la ní kó má fọwọ́ kàn: ibi tí sípíríǹgì iwájú ọ̀tún ti so mọ́ ṣásí, nítorí pé ibẹ̀ ni nọ́ńbà ṣásí wà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára irin. Nọ́ńbà yẹn ló bá ìwé ọkọ̀ tó wà lórúkọ bàbá wa mu. Bí o bá gé e dànù, kò sí àlàyé tí o máa ṣe fún ọlọ́pàá tó máa wọ̀ ọ́ létí.

Bíréèkì la ṣe tẹ̀ lé e, a kò sì ṣọ́wó ná níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì ọkọ̀ yìí ń gbà lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá jò níbì kan, kò sí bíréèkì níbì kankan. A pààrọ̀ gbogbo páìpù, gbogbo họ́ọ̀sì, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀, àti láíníǹgì.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo ti gba ojú mi padà díẹ̀. Rìwáyà wa, ọmọkùnrin kan tó já fáfá, gbé ọ́tánétọ̀ tòkunbọ̀ wá kí ó fi rọ́pò ẹ̀rọ ìgbaná àtijọ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ kan bátìrì mọ́ ọn. Mo ní kó dúró, mo ń ka ìwé lọ́wọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ òní, ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò la ń dè mọ́ ara ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ 1966 yìí, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ ni wọ́n dè mọ́ ọn. Bí ó bá kàn án bí ó ṣe bá a, ọ́tánétọ̀ náà á jó kí a tó ka ẹyọ kan. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́." Ó yí gbogbo rẹ̀ padà. Owó ọ́tánétọ̀ yẹn ò bá wọ ìgbẹ́.

Ti ẹ́ńjìnnì kò le tó bí a ṣe rò. A yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a da òróró díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Irin tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ṣì wà lẹ́yìn àga. Bọ̀ọ̀dá mi yí i, kò lọ. Wọ́n yí i lọ́jọ́ kejì, ó mira díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó yí bíi ọlọ lórí ata. Bàbá Mẹkáníìkì fúnra wọn ló to wáyà púlọ́ọ̀gì, wọ́n ń kà á ní Hausa bí ẹni ń gbàdúrà: kìíní, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń tò nínú ẹ́ńjìnnì náà. A fọ táǹkì, a tú kábúrétọ̀, a fi epo tuntun sí i. Nígbà tó dún, èéfín funfun bo gbogbo ilé, adìyẹ sá wọ ilé ìdáná, Màmá jáde síta pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ikọ́ rẹ̀ kò yí padà."

Owó tí a kọ sínú ìwé kù díẹ̀ kó tán lọ́jọ́ yẹn. Kò sí owó ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wá láti Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n ní, "Gbogbo owó yìí, ó sì tún burẹ́wà tó báyìí?" Bọ̀ọ̀dá mi ní kí wọ́n tẹ̀ ba, kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ba, pẹ̀lú aṣọ àǹkárá wọn. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa fi ti ọ̀dà ránṣẹ́ bí ọmọ kan bá ti jáde ní yunifásítì.

Sátidé tó kọjá la kọ́kọ́ gbé e jáde sí títì. Màmá wà níwájú, ọmọ náà wà láàárín èmi àti wọn, ó di agolo tuntun mú. Bí a ṣe ń ṣí géètì, ọmọkùnrin gwangwan ti ọdún yẹn ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ náà. Ó wo Màmá. Ó bèèrè bóyá a ń kọjá sí apá Bukuru. Bọ̀ọ̀dá mi ní kó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn.